Lọ́yà ìjọba ni wọ́n fún àbúrò mi, ṣé kí n yáwó gba òmíì ni?

Àbẹ̀kẹ́Àgége
Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò mọ ẹni tí mo lè bi, ó máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi kà á tán. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, ó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì, alẹ́ ọjọ́ kan tó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀ ni ọlọ́pàá kó òun àtàwọn mẹ́fà míì, wọ́n ní wọ́n ja obìnrin kan lólè ládùúgbò yẹn, wọ́n gba fóònù àti owó ẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò ní tẹ́ṣàn. À ń lọ à ń bọ̀, gbogbo ìgbà tá a bá lọ ni wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ wa, wọ́n á ní owó béèlì ni, wọ́n á ní owó epo mọ́tò ni, ọmọ ò jáde. Ìgbà tí wọ́n máa gbé e dé kọ́ọ̀tù màjísíréètì, ìdigunjalè ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, adájọ́ ní òun ò lágbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn, kí wọ́n máa kó wọn lọ Kirikiri, kí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ sí DPP, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń pinnu bóyá ẹjọ́ á tẹ̀ síwájú, fún ìmọ̀ràn. Oṣù karùn-ún rèé.

Lọ́jọ́ yẹn obìnrin kan dìde ní kọ́ọ̀tù, ó ní òun ni lọ́yà tí ìjọba fún un, ọ̀fẹ́ ni. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ó bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó gba nọ́ńbà mi, ó sáré lọ sí kọ́ọ̀tù míì. Látìgbà yẹn tí mo bá pè é lọ́sàn-án kì í gbé e, ó di alẹ́ kó tó pè padà, wàá sì gbọ́ ọ lóhùn ẹ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ní ohun ọ̀fẹ́ ò lè dáa, kí n kó àjọ mi tó jẹ́ 450,000 kí n sì yá díẹ̀ lé e láti fi gba lọ́yà gidi. Owó yẹn ni mo fẹ́ fi rajà ọdún o. Kí lẹ rò? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti lo lọ́yà ìjọba rí tó yọrí sí rere?

BàbáRónkẹ́_Ìbàdàn
Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á yọ ọmọ náà. Èmi ò ní purọ́ fún yín, ọkàn mi ò balẹ̀ sí lọ́yà ìjọba. Ìjọba ló mú un, ìjọba ló gbé e lọ kọ́ọ̀tù, adájọ́ ìjọba ló jókòó, ìjọba kan náà tún ni ẹ fẹ́ kó gbà á sílẹ̀? Ẹ wò ó, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, lọ́yà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jẹ́ ẹjọ́ ẹ̀ láàárín ọdún kan, eléyìí á kúrò, òmíì á dé, á bẹ̀rẹ̀ fáìlì láti ìwé àkọ́kọ́. Ọjọ́ kan ni èyí tó dé kẹ́yìn pe ọmọ wa ní orúkọ ọmọ ẹlòmíì níwájú adájọ́. Ṣé ẹ rí i, ó dùn wá gan-an. Tí agbára bá wà, ẹ gba lọ́yà yín.

Agbẹjọ́rò_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n BàbáRónkẹ́, ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn lè ṣẹlẹ̀, mi ò ní jiyàn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi rí pé mo pe oníbàárà lórúkọ ẹlòmíì, mo sunkún nígbà tí mo délé. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí látinú iṣẹ́ náà wá, torí ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo ń sin ìlú, mo sì tún lo ọdún mẹ́fà lé e nílé iṣẹ́ lọ́yà ọ̀fẹ́ kan kí n tó kúrò.

Àkọ́kọ́ ná, méjì ni wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìyàtọ̀. Legal Aid Council jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, láti 1976 ló ti wà, òfin tí wọ́n ń lò báyìí jẹ́ ti 2011, ó sì ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Èkó wá ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, Office of the Public Defender tí wọ́n ń pè ní OPD, ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà tí Ọ̀ṣínbàjò jẹ́ kọmíṣánnà ìdájọ́ l'Ékòó. Ti Legal Aid, òfin ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò bá ju owó oṣù tó kéré jùlọ lọ, ìyẹn 70,000 láti 2024, ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ wá ronú iye èèyàn tíyẹn jẹ́ nínú ìlú yìí, kẹ́ ẹ wá ronú iye lọ́yà tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kan tiwa rèé: aago mẹ́sàn-án ni kọ́ọ̀tù ń jókòó, mo ní fáìlì mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ní kọ́ọ̀tù mẹ́rin, Ògbà lèyí, Ìkẹjà nìyẹn, òmíì ní Yaba. Mi ò lè wà níbi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dé ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ò gbé wọn wá, wọ́n ní kò sí epo, adájọ́ sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀. Mo sáré lọ sí ìkejì, ọlọ́pàá tó yẹ kó wá jẹ́rìí ti gba tránsífà lọ sókè Ọya, wọ́n sún un. Ìkẹta, adájọ́ ń fọwọ́ kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí ń sọ sínú ìwé ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, iná ò sí, gbogbo wa ń làágùn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo gbà wá ní wákàtí méjì. Ìgbà tí mo fi máa dé ìkẹrin wọ́n ti dìde. Oníbàárà mi níbẹ̀ á wá rò pé mo pa òun tì ni. Ìyá rẹ̀ á máa pè mí, mi ò lè gbé fóònù torí mo wà níwájú adájọ́. Alẹ́ ni mo máa ń pè wọ́n padà, bíi ti lọ́yà yín yẹn gẹ́lẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn yìí, ẹni tó bá ń pe ẹbí padà lálẹ́ kò tíì pa ẹjọ́ yẹn tì o, màmá.

Àlàbá_Òṣogbo
Ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ló fi àdá ṣá mi lápá lóru lọ́nà ilé, títí dòní ìka mi méjì ò ká. Owó orí wa ni ìjọba wá ń fi san lọ́yà fún wọn? Ta ló gba lọ́yà fún èmi? Mi ò sọ pé ti àbúrò yín ni o ìyá wa, mò ń sọ bó ṣe rí lára mi ni.

Agbẹjọ́rò_Kékeré
Ẹ̀gbọ́n Àlàbá, ẹ kú ìfaradà, kò sẹ́ni tó lè ní kẹ́ ẹ má bínú. Ìyá mi pàápàá bi mí bẹ́ẹ̀ rí, ó ní ṣé torí àwọn olè lòun ṣe tà lọ́jà tóun fi rán mi níwèé. Ohun tí mo sọ fún un ni mo máa sọ fún yín. Tí ọlọ́pàá bá kó èèyàn méje ní títì torí ẹni méjì tó jalè, tí kò sì sẹ́ni tó bi ọlọ́pàá léèrè, ẹni tó ṣá yín lápá lè máa rìn káàkiri báyìí, torí wọ́n ti rí ẹlòmíì fi dí àyè ẹ̀, wọ́n á ní ẹjọ́ ti parí. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn bàbá wa ní agbẹjọ́ẹnìkandá àgbà òṣìkà. Iṣẹ́ wa ni pé kí ẹnu ẹnì kejì náà dé kọ́ọ̀tù. Mo sì gbà pẹ̀lú yín pé ìjọba ò ṣe tó fún àwọn tí wọ́n ṣe lọ́ṣẹ́, ìyẹn náà tọ́ kí wọ́n jà fún.

Wọ́dà_Àtijọ́
Mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, 31 ọdún ni mo lò, mi ò ní sọ ọgbà wo. Nínú ẹni mẹ́ta tó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, bíi méjì ni adájọ́ kankan ò tíì dá lẹ́bi, wọ́n kàn ń dúró de ẹjọ́ ni. Mo mọ bàbá kan tó ju ọdún mẹ́jọ lọ lọ́dọ̀ wa, wọ́n ò rí fáìlì ẹ̀ mọ́, IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ ẹ̀, ti kú. Lọ́yà ọ̀fẹ́ kan tó wá rí ẹlòmíì ló kàn bi í pé bàbá, kí lorúkọ yín, ibẹ̀ ni ìdáǹdè ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó tó oṣù bí i mẹ́jọ tí lọ́yà yẹn fi ń lọ tó ń bọ̀, owó ọkọ̀ ara ẹ̀ ló ń wọ̀ wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ kò sẹ́bí tó wá gbé e, lọ́yà yẹn náà ló ra bàtà fún un.

Ìyá wa, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé. Lọ́yà tó ń gba mílíọ̀nù, mo rí wọn o, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa gba owó àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí wọn mọ́. Nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn tó ń tètè jáde ni àwọn tí ẹbí ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ wọn, yálà lọ́yà sísan ni tàbí tọ̀fẹ́. Tí lọ́yà bá ní ọgọ́rùn-ún fáìlì, èyí tí ẹbí ń wá jókòó tì ní kọ́ọ̀tù ló máa ń wà lókè. Ẹ lọ rí ọmọ yẹn, ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún lọ́yà. Nígbà míì èèyàn mẹ́rìnlá ni lọ́yà kan máa wá rí lọ́jọ́ kan, wákàtí díẹ̀ la sì máa fún un, ká ní kó tán.

Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù
Mo máa ń ṣe ògbufọ̀ ní kọ́ọ̀tù, láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí mi ò tíì gbọ́ kẹ́nì kankan sọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé, tí àgbà bá ti ń bínú, wàá dọ̀bálẹ̀ ná, wàá ní ẹ jọ̀ọ́ mo jẹ̀bi, ẹ má bínú, kódà kó jẹ́ pé ìwọ lo jàre. Ìwà ọmọlúàbí ni. Bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀tù ò mọ̀yẹn. Mo ti rí ọmọkùnrin tó dojú bolẹ̀ níwájú màjísíréètì, tó ń ké ẹ ṣàánú mi mo ti jẹ̀bi, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ni pé kí wọ́n má bínú sí òun, wọ́n sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà pé òun jalè. Lọ́yà ọ̀fẹ́ kan tó jókòó síbẹ̀, tí kì í tiẹ̀ ṣe ẹjọ́ tiẹ̀, ló fò dìde, ó ní olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kan sí i ní Yorùbá tó yé e: ṣé ìwọ lo gba báàgì yẹn? Ọmọ yẹn ní rárá o, mi ò rí báàgì kankan. Adájọ́ yí i padà lójú ẹsẹ̀. Ká ní lọ́yà yẹn ò sí níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Òfin ìlú wa, apá 36, sọ pé ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ò bá yé gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé ní kọ́ọ̀tù, "mo jẹ̀bi" kì í ṣe ìkíni.

Àbẹ̀kẹ́Àgége
Ha. Akọ̀wé_Kọ́ọ̀tù, ẹ̀rù bà mí báyìí. Àbúrò mi sọ fún mi pé wọ́n ní kóun fọwọ́ sí ìwé kan ní tẹ́ṣàn, òun ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n ti na òun, ó sì rẹ òun. Ó tún ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ má bínú. Ṣé ẹjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Agbẹjọ́rò_Kékeré
Kò tíì bàjẹ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. L'Ékòó, ACJL, ìyẹn òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, sọ pé tí ẹnìkan bá fẹ́ jẹ́wọ́ ní tẹ́ṣàn, wọ́n gbọ́dọ̀ ká a sórí fídíò, tí fídíò ò bá sì sí, lọ́yà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́. Ṣé lọ́yà wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n ká fídíò? Tí kò bá sí ìkankan, lọ́yà yín á dìde ta ko ìwé yẹn, adájọ́ á wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́tọ̀ kí ẹjọ́ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ sọ fún un lónìí, ẹ má dúró dìgbà tí ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo àpá tó wà lára ẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ rí i.

Ọjọ́ mọ́kànlá ní tẹ́ṣàn náà pọ̀ jù, ọjọ́ kan tàbí méjì ni ìwé òfin ìlú sábà fún wọn kí wọ́n tó gbé èèyàn dé kọ́ọ̀tù. Béèlì tẹ́ṣàn sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ kọ iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Ohun tó le nínú tiyín ni pé ìdigunjalè ni wọ́n kọ, ẹ̀sùn tó ń gbé ikú dání nìyẹn, màjísíréètì ò lè fúnni ní béèlì nínú ẹ̀, kọ́ọ̀tù gíga nìkan ló lè ṣe é. Ẹ bi lọ́yà yín bóyá ó ti kọ ìwé béèlì lọ sí kọ́ọ̀tù gíga. Kẹ́ ẹ tún bi í ní ìbéèrè kejì tó ṣe pàtàkì jù: ṣé fáìlì yẹn ti dé ọ̀dọ̀ DPP lóòótọ́? Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ IPO ló wà fún oṣù méje, tí gbogbo èèyàn sì ń rò pé DPP ló dì í mú.

Mọ́rẹ̀nikẹ́_Peckham
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti London. Àwọn ará ilé máa ń rò pé ibí ti dáa tán. Lóòótọ́, tí ọlọ́pàá bá mú ẹ níbí, olówó tàbí tálákà, o lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́ ní tẹ́ṣàn kí wọ́n tó bi ẹ́ ní ìbéèrè, tó o bá ṣáà ti ní o fẹ́ ẹ, láti 1984 lòfin yẹn ti wà. Wọ́n gbé ọmọ mi ọkùnrin ní 2019, ọmọ ọdún 17, torí ó jọ ẹnìkan. Aago méjì òru ni lọ́yà yẹn dé, ó kàn sọ fún un pé má dáhùn ohunkóhun títí n ó fi ka ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n tú u sílẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà fún obìnrin yẹn títí dòní. Àmọ́ owó tí wọ́n ń san fún wọn ò tó nǹkan, ní oṣù kẹsàn-án 2022 àwọn lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn níbí daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá títí ìjọba fi fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà ń sá kúrò nídìí ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé tẹ́ṣàn ni lọ́yà ti wúlò jù. Ká ní ẹnìkan wà lọ́dọ̀ àbúrò yín lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kó má dé Kirikiri.

Agbẹjọ́rò_Kékeré
Aunty Mọ́rẹ̀nikẹ́, ibi tó ń dùn mí jù lẹ fọwọ́ kàn yẹn. A ní ètò báyẹn nílé, pé kí lọ́yà Legal Aid àtàwọn àgùnbánirọ̀ lọ́yà máa lọ dúró ní tẹ́ṣàn, 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìpínlẹ̀ díẹ̀ ni. Níbi tó bá ti ṣiṣẹ́, èèyàn máa ń jáde kí ẹjọ́ tó di ẹjọ́. Àmọ́ tẹ́ṣàn pọ̀ ju lọ́yà lọ, àwọn ọ̀gá kan ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé lálẹ́. Ohun tá a bá kọ́ọ̀tù fà lọ́dún méjì, fóònù kan ṣoṣo ì bá ti parí ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ tún fi kún un pé ní oṣù kẹwàá 2020 wọ́n jó kọ́ọ̀tù gíga Igbóṣẹrẹ, fáìlì tó bá iná lọ ò lóǹkà, àwọn tí ẹjọ́ wọn ti fẹ́ parí ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2021, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù daṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà. Oṣù méjì tí kò sí kọ́ọ̀tù, àwọn tó wà ní sẹ́ẹ̀lì wà ní sẹ́ẹ̀lì. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí pé kí ni mò ń ṣe. Mi ò ní èsì.

BàbáRónkẹ́_Ìbàdàn
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Mo ṣì ní ẹ̀dùn ọkàn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n mo rántí pé nínú ọdún kan yẹn, ìgbà kan péré ni ẹnikẹ́ni nínú ilé wa lọ kọ́ọ̀tù. A ní lọ́yà wà ńbẹ̀. Ìyá wa, kí ẹ má ṣe bíi tiwa.

Àbẹ̀kẹ́Àgége
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mi ò tètè padà. Mo ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Mo lọ rí àbúrò mi, mo jókòó tì í, mo ní kó sọ gbogbo ọjọ́ yẹn fún mi láti àárọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé nǹkan tí kò sọ fún ẹnì kankan ni pé lágbedeméjì aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́ tí wọ́n ní wọ́n ja obìnrin yẹn lólè, táyà tírélà kan ló ń lẹ̀, dírẹ́bà yẹn sì fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọ̀gá ẹ̀ torí kò ní kéèṣì lọ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí o ò sọ ọ́. Ó ní wọn ò bi òun. Ó ní nígbà tí lọ́yà bi òun ní kọ́ọ̀tù, ọlọ́pàá tó nà án wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀, a wá a nínú fóònù títí, alẹ́ẹ̀tì náà wà ńbẹ̀, 8:41 alẹ́, ọjọ́ yẹn gan-an.

Mo wá lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà yẹn ní aago méje àárọ̀ kó tó jáde. Ẹ ò rí i, fáìlì kún tábìlì, ó kún ilẹ̀, lọ́yà mẹ́rin ló wà nínú yàrá kan. Mo fi alẹ́ẹ̀tì hàn án, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ lé orí, ó ní màmá, ẹ jókòó. Ó fi fáìlì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó pe tẹ́ṣàn níwájú mi. Agbẹjọ́rò_Kékeré, bẹ́ ẹ ṣe sọ náà ló rí, fáìlì ò tíì kúrò ní tẹ́ṣàn. Oṣù márùn-ún! Ó bá mi lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n fẹ́ kí n san owó ọkọ̀ tó máa gbé fáìlì lọ, ó ní kò sóhun tó jọ ọ́, ó dúró títí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti fi ránṣẹ́, ó gba ẹ̀dà kan. Ó ti kọ ìwé béèlì lọ sí kọ́ọ̀tù gíga báyìí, ọ̀gá àbúrò mi sì ti búra nínú àfidáfítì, a ń wá dírẹ́bà tírélà yẹn, ẹni tó bá mọ ọ̀nà téèyàn fi ń rí àwọn dírẹ́bà tó ń gbé sìmẹ́ńtì láti Ìbéṣè kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Mo bi í nípa onídùúró, mo ní ṣé obìnrin bíi tèmi lè ṣe é, ó ní kò sóhun tó ní kí obìnrin má ṣe é, ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá mo ní ibùgbé àti ìwé owó orí. Mi ò ní ìwé owó orí. Àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, inú àjọ mi ni mo ti máa san án, ìyókù mo máa fi rajà. Ọkọ mi ti gbà.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni kọ́ọ̀tù. Mo máa wà níbẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ.

Wọ́dà_Àtijọ́
Ẹ gbé oúnjẹ dání, àwọn tí wọ́n bá gbé jáde láàárọ̀ kì í sábà jẹun títí wọ́n á fi padà. Kẹ́ ẹ sì mú omi kan fún lọ́yà yẹn náà.